Ta Ló Gbé Òkúta Afọ́jú?

Àwọn àgbà ní bí afọ́jú bá ní òun yóò sọ òkò, kí ẹnikẹ́ni má fi í ṣẹ̀fẹ̀: ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ òkúta mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni, nígbà tí òkúta ṣì jẹ́ òkúta. Èyí tí afọ́jú bá fẹsẹ̀ tẹ̀ lálẹ́, ibẹ̀ náà ni yóò bá a láàárọ̀. Òkúta tiwa lóde òní ń gba àtúnṣe tuntun láàárín òru, bí ilẹ̀ bá sì fi máa mọ́, ó ti kó lọ sí yàrá kejì.

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá afọ́jú kan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣe rédíò aláfẹ́, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní ham. Wọn kì í ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í gbowó. Ìdánwò ni wọ́n ṣe, ìjọba fún wọn ní àmì-ìpè, wọ́n wá ń bá ẹni tí wọn ò rí rí sọ̀rọ̀ káàkiri ayé. (Bí àmì-ìpè kan bá fi 5N bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà ló ti wá.) Etí ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ohùn kan bá ń bọ̀ láti òkèèrè lóru, tó ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, olójú méjì ò sàn ju bàbá wa lọ. Bọ́tìnnì rédíò rẹ̀, ó mọ̀ wọ́n bí ẹní mọ ọ̀nà ilé. Irú Kenwood TS-590S tiẹ̀ wà, tí èèyàn lè ra ẹ̀yà kékeré kan, VGS-1, sínú rẹ̀, tí rédíò á sì máa fẹnu ara rẹ̀ pe nọ́ńbà ibi tí wọ́n yí i sí.

Kọ̀ǹpútà ló gbé ìjọ̀ngbọ̀n wọlé. Kì í ṣe pé ó yadi o. Ted Henter, tó ń fi alùpùpù sáré ìje kí ìjàǹbá ọkọ̀ tó gba ojú rẹ̀ lọ́dún 1978, wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ tó ṣe JAWS sílẹ̀ lọ́dún 1987. JAWS ni ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Lọ́dún 2006, Michael Curran, afọ́jú ní Australia, bẹ̀rẹ̀ NVDA, irú ètò bẹ́ẹ̀ tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn afọ́jú ti wá òkúta tiwọn.

Àfi lọ́jọ́ tí bàbá fi okùn USB so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà. Rédíò yìí ní káàdì ohùn tirẹ̀ nínú. Windows rí i, ó ní, “Àlejò pàtàkì dé, ẹ gbé àga baálé fún un!” Bó ṣe sọ rédíò di sípíkà àgbà nìyẹn, láìbi onílé. Ohùn NVDA tó ń kàwé fún bàbá ò kú. Inú rédíò ló ti ń sọ̀rọ̀. Bó bá ṣe pé bàbá ti ṣètò rédíò kí ohùn tó bá gba okùn wọlé máa tan ìfọhùn fúnra rẹ̀, gbogbo ayé ni yóò máa gbọ́ “Recycle Bin, Recycle Bin”, lórúkọ ẹni tí àmì-ìpè wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó pe àwọn tó ń ranni lọ́wọ́ lórí fóònù.

“Ẹ tẹ àwòrán sípíkà kékeré tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún.”

“Mi ò ríran.”

“Kò burú. Ẹ ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà yín ránṣẹ́ sí wa.”

Aládùúgbò olójú méjì wá gbà á. Ó gbá máòsì mú, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án, ó yọ èyí, ó fi tọ̀hún sí. Ó gbọ́ pé bí wọ́n bá tẹ Windows, Ctrl àti Enter pọ̀, Narrator, òǹkàwé ti Windows fúnra rẹ̀, á máa sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Narrator sọ̀rọ̀ lóòótọ́, nínú rédíò kan náà. Wákàtí kan kọjá. Ojú mẹ́rin kúkú ni ojú rẹ̀, tí a bá ka jígí rẹ̀ mọ́ ọn.

Bàbá ní kó sún díẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó tọ́ àwọn okùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa ti rédíò yọ. Ohùn padà dé wàrà. Ó wọ ibi ètò ohùn nínú NVDA, ó yan sípíkà kọ̀ǹpútà lórúkọ, kò fi sílẹ̀ fún Windows láti bá a yàn mọ́. Ó ki okùn bọ̀ ọ́ padà, ó sì sọ fún Windows náà pé sípíkà ilé ni àgbà. Ètò rédíò nìkan ló yọ̀ǹda fún láti lo káàdì rédíò. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kọ̀ǹpútà, ẹ máa bi onílé kí ẹ tó gbé àga rẹ̀ fún àlejò. Ìwọ aládùúgbò náà, bí afọ́jú bá ránṣẹ́ pè ọ́, bi í léèrè ohun tó so mọ́ kọ̀ǹpútà lánàá kí o tó fọwọ́ kan máòsì.