Oríkì Olóyè Ó-Ti-Tán, Baálẹ̀ Fámásì

Ó-Ti-Tán, mo kí ọ, mo tún ọ kí!
Ó-Ti-Tán, ọmọ Kò-Sí-Nílẹ̀,
ọmọ Ẹ-Lọ-Rà-Á-Níta,
ọmọ-ọmọ Ẹ-Padà-Wá-Lọ́jọ́-Ajé.
Lẹ́tà méjì péré ni wọ́n fi ń kọ orúkọ rẹ sórí ìwé dókítà,
O.S. ("out of stock") ni wọ́n ń kọ, wọ́n á sì fa ìlà sí i nídìí;
ìlà náà ló dá àgbàlagbà padà sí Ìlawẹ́ lọ́wọ́ òfo.
Ewì ń jọba l'Ádó-Èkìtì, a kì í rí Ewì lójoojúmọ́;
ìwọ ń jọba lójú fèrèsé fámásì ìjọba,
kò sí ọjọ́ tí a dé ibẹ̀ tí a kò bá ọ nílé.
Ó-Ti-Tán, o kú iṣẹ́ àìṣe!

Ẹ jẹ́ n kí Fọ́ọ̀mù, àbúrò rẹ tó ń pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà.
Fọ́ọ̀mù Agbàwé-má-gbẹ̀bẹ̀,
ó gba pásípọ́ọ̀tù, ó gba NIN olónọ́ńbà 11,
ó bi Ìyá Àgbà léèrè ọjọ́ ìbí.
Ìyá ní ìgbà ogun Hitler ni wọ́n bí òun.
Fọ́ọ̀mù ní ọjọ́ wo, oṣù wo, nínú ogun Hitler?
Wọ́n ní kí Ìyá tẹ ìka.
Ìka tó ti di ọkọ́ mú láti kékeré,
ìka tó gún iyán tọ́ ọmọ, tó tún gún un tọ́ ọmọ-ọmọ,
ẹ̀rọ wò ó títí, ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ ọ́n rí.
"Màmá, ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ tún un tẹ̀."
Màmá nù ún, Màmá tún un tẹ̀,
ni Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, aya Fọ́ọ̀mù, bá ní òun ń lọ sọ́jà.
Àsẹ̀yìnwá àsẹ̀yìnbọ̀, káàdì adójútòfò ìlera jáde.
Káàdì ń dán, orúkọ Màmá wà lára rẹ̀ gbàgàdà.
Màmá gbé e, ó di ojú fèrèsé.
Ta ló jókòó síbẹ̀ tó ń fi eyín kí i?
Ó-Ti-Tán, o kú iṣẹ́ àìṣe!

Akọni tí ìjọba ń bá láàfin, tí ìjọba ń fi sílẹ̀ láàfin!
Ọdún 1999 ni wọ́n ṣòfin adójútòfò ìlera ní Nàìjíríà,
ọdún 2005 ni ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́,
ìwọ ti gun orí pẹpẹ òfìfo dè wọ́n.
Ètò náà ní kí òṣìṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ san ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oògùn;
ìwọ tí o mọ ìṣirò ju òfin lọ,
o ní kó san mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.
Lọ́dún 2011 Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ní kí aláìní tó ti pé 65 ní Èkìtì máa gba 5,000 náírà lóṣù.
Arúgbó Ìyìn yọ̀, arúgbó Ìgèdè jó.
Ìjọba yí padà, owó dáwọ́ dúró;
Gómìnà Abíọ́dún Oyèbánjí tún gbé e dìde, wọ́n ń pè é ní Owó Arúgbó.
Owó lọ, owó bọ̀,
ìwọ nìkan ni o kò gba ìsinmi ọjọ́ kan.
Lọ́dún 2022 Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí òfin tó sọ adójútòfò ìlera di dandan;
ìwọ ti di dandan kí òfin tó dé.

Ọ̀rẹ́ ìmùlẹ̀ oníkẹ́míìsì!
Nígbà tí ilé-iṣẹ́ oògùn GlaxoSmithKline kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà,
aláìsàn káwọ́ lérí, ìwọ pe onílù.
Dókítà ní kí àgbà Èkìtì dín iyán kù,
àgbà gbà, ó ń wo odó tìyanu-tìyanu.
Ìwọ ní kó dín oògùn tí dókítà kọ kù pẹ̀lú;
àgbà fi bíléèdì la hóró amlodipine sí méjì,
ó jẹ ààbọ̀ lónìí, ó fi ààbọ̀ pamọ́ de ọ̀la.
Ta ló pè ọ́ láhun? Irọ́ ló pa!
O fi Paracetamol sílẹ̀ fún wa, o fi B-co sílẹ̀.
Ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ gba Paracetamol.
Onítọ̀ ṣúgà, ẹ gba Paracetamol.
Bàbá tí ojú rẹ̀ ń ṣú, kó fi Paracetamol wá ọ̀nà ilé.

Wọ́n ní o tiẹ̀ yẹ Amẹ́ríkà wò.
Òfin oògùn àgbà tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 2003 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2006.
Lọ́dọọdún, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ 7 oṣù kejìlá, àgbà ń yan ètò tó bá wù ú;
ẹni tó bá fi ìforúkọsílẹ̀ falẹ̀ lè máa san ìtanràn mọ́ owó oṣooṣù rẹ̀.
Fọ́ọ̀mù wà lọ́hùn-ún, ó sanra ju tiwa lọ,
àmọ́ ẹni tó bá là á já, ó sábà máa ń bá oògùn lẹ́yìn rẹ̀.
Ojú rẹ kò gbà á.
O ní àjò kì í dùn kí onílé má relé,
o wọ bàálù, o padà sí Adó.

Olóyè kì í wà láìní èèwọ̀.
Ẹ̀yin Èkìtì Kete, ẹ gbọ́ èèwọ̀ Ó-Ti-Tán, kí ẹ má baà ṣèèṣì fi pa á:
Èèwọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n lẹ orúkọ oògùn tó wà nílẹ̀ mọ́ ògiri láràárọ̀.
Èèwọ̀ rẹ̀ ni kí owó oògùn tí wọ́n tà padà lọ ra oògùn, láìyà sí àpò ẹnikẹ́ni.
Èèwọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ bá arúgbó ní Ìfàkì àti Ìwòròkó, dípò kí arúgbó máa wọ mọ́tò wá bá ẹ̀rọ.
Èèwọ̀ rẹ̀ ni kí gómìnà àti kọmíṣánnà gba oògùn tiwọn lójú fèrèsé kan náà.
Èyí tó burú jù nínú èèwọ̀ rẹ̀ ni kí ẹnì kan sọ pé:
"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí. Ẹ kọ déètì, ẹ fọwọ́ sí i."

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí nílé, ẹ forúkọ wọn sílẹ̀, ẹ gba káàdì fún wọn, ẹ̀tọ́ wọn ni.
Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá kọ O.S. sórí ìwé wọn,
ẹ má tíì yà sí kẹ́míìsì.
Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ pé kò sí, ẹ mú un lọ bá àwọn tó fún wọn ní káàdì,
kí wọ́n wá sọ fún wa ohun tí wọ́n fi ń gbowó.