Káàdì Góòlù, Ikùn Òfìfo

Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, nítorí ìròyìn náà ti dé Ore, ìlú mi, ṣáájú mi, wọ́n sì ti fi iyọ̀ àti ata sí i. Iṣẹ́ kòkó ni mò ń ṣe. Láti ọdún 2017 tí ICCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kòkó, ti kó olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní London lọ sí Abidjan, ẹsẹ̀ oníkòkó kì í pẹ́ yà sí ìlú yẹn. Èmi náà ń lọ, mò ń bọ̀, mo sì ń fò lọ síbòmíràn, títí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan fi fi káàdì góòlù ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀yin ará, káàdì náà gun orí mi. Lẹ́tà tó bá a wá sọ pé mo lè máa wọ láúńjì ní pápákọ̀ òfurufú, níbi tí àga ti rọ̀, tí oúnjẹ àti ohun mímu jẹ́ ọ̀fẹ́, kì í sì í ṣe èmi nìkan, mo lè mú àlejò kan dání. Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà tó tẹ̀ lé e, mi ò kà á rárá. Kí n tó ti Odigbo dé Ore, gbogbo ẹni tó kí mi ló ti gbọ́ pé mo ti di ẹni tí pápákọ̀ ń bọ́.

Nígbà tí èmi àti Bàbá Alága, olórí àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ní ọ̀dọ̀ wa, jọ ń lọ sí ìpàdé ní Abidjan, mo rí ibi tí màá ti fi góòlù mi ṣe fáàrí. A dé ilé oúnjẹ ní Ore láàárọ̀. Wọ́n ń gún iyán lọ́wọ́. Ẹran ìgbẹ́ wà nínú ọbẹ̀, ó ń yọjú. Bàbá ti ń ká apá agbádá wọn sókè kí n tó dì wọ́n lọ́wọ́ mú.

"Bàbá, ẹ má jẹun níbí. Ẹ fàyè sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ la máa jẹ ní pápákọ̀ Ìkejà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bàbá, góòlù ni."

Wọ́n wo iyán náà, wọ́n wo èmi náà, wọ́n sì wọ mọ́tò. A kọjá J4, a kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, a wọnú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà ni mo ti ń sọ pé kí wọ́n má rà á. Kí ẹ fi í sọ́kàn pé ẹni tó ju àádọ́rin ọdún lọ ni mò ń fi ebi pa.

Ìgbà tí a fi gba bọ́ọ̀dìn-páàsì, tí àwọn aṣọ́bodè lu òǹtẹ̀, tí wọ́n ní kí a bọ́ bàtà kí a tún wọ̀ ọ́, ikùn Bàbá ti ń sọ̀rọ̀ sókè. Mo ṣáájú. Mo rí ilẹ̀kùn gíláàsì, mo rí ọ̀dọ́bìnrin kan níbi káńtà, mo sì rí, nínú lọ́hùn-ún, àwo ńlá tí èéfín ń jáde lára rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Èmi àti Bàbá ni." Mo fi káàdì lé káńtà, mo yí ojú góòlù rẹ̀ sókè.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Bọ́ọ̀dìn-páàsì yín ńkọ́?"

Ó fi ẹ̀rọ sí i. Ẹ̀rọ náà han, iná pupa sì tàn. Mo ní ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́. Ó tún un ṣe, iná pupa tún tàn. Mo ní kó fi sílẹ̀, kó kàn tẹ nọ́ńbà káàdì mi.

"Sà, mo rí i pé góòlù ni yín. Ta ló ń gbé yín lónìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo na ìka sí lẹ́tà méjì tó ṣáájú nọ́ńbà ọkọ̀ lórí ìwé. Lẹ́tà ilé-iṣẹ́ tó fún mi ní káàdì ni. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀."

Mo wo ìsàlẹ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó tín-ín-rín. Mo gbé ìwé náà sún mọ́jú, mo gbé e jìnnà. Àwọn èèyàn ti ń tò sẹ́yìn wa: ìyá kan tó gbé ọmọ lọ́wọ́, òyìnbó kan, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tí wọ́n de nǹkan mọ́ etí. Bàbá Alága, tí wọn kò lo awò ojú rí láyé wọn, bá na ọrùn láti ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n kà á sókè ketekete: "Operated by." Wọ́n wá ka orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó yàtọ̀ pátápátá. "Ṣé àwọn yìí náà ló fún ọ ní góòlù?"

Ibí ló yẹ kí n ti yà sẹ́yìn. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ṣe ohun tí ọkùnrin máa ń ṣe bí ojú bá ń tì í: mo gbé ohùn sókè. Mo ní ọ̀rẹ́ ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì. Mo ní tí wọn ò bá jẹ́ ọ̀rẹ́, kí ló dé tí wọ́n jọ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kan náà? Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá dé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Bàbá, ó sì sọ ohun kan náà tí ọmọbìnrin yẹn ti sọ. Mo wá sọ gbólóhùn tí mo ti máa ń fi àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá sọ ọ́: "Ṣé ẹ mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin ẹ̀yìn yọ nǹkan etí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Góòlù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún wa."

Ẹ̀rín bú. Ìyá ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín. Òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá láúńjì yíjú sí ògiri, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe rí gan-an, nítorí mo ti fi ìtìjú ra ìmọ̀ yìí, mi ò sì ní gbé e lọ sínú sàréè. Ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú dá sílẹ̀ láyé. Star Alliance ló kọ́kọ́ dé, lóṣù Karùn-ún ọdún 1997. Air Canada, Lufthansa, SAS, Thai Airways àti United ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. oneworld tẹ̀ lé e ní 1999, SkyTeam sì dé ní 2000. Nínú àwọn tí a mọ̀ ní Ìkejà, Ethiopian, Turkish, EgyptAir àti Lufthansa wà nínú Star Alliance. British Airways àti Qatar wà nínú oneworld. Air France, KLM, Delta àti Virgin Atlantic wà nínú SkyTeam. Emirates kò sí nínú ìkankan. Ẹgbẹ́ pàápàá kì í ṣe ìdílé: SAS tó wà lára àwọn tó dá Star Alliance sílẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sínú SkyTeam ní 2024.

Bí o bá jẹ́ góòlù nínú Star Alliance, tí ọkọ̀ tó ń gbé ọ lọ lọ́jọ́ náà sì jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ yẹn, o lè wọ láúńjì wọn, kódà bí àga ẹ̀yìn pátápátá lo jókòó sí. Àlejò kan lo lè mú dání, òun náà sì gbọ́dọ̀ máa wọ ọkọ̀ ọmọ ẹgbẹ́. Sílífà, ìpele tó wà lábẹ́ góòlù, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn ẹgbẹ́ méjì tó kù náà rí bẹ́ẹ̀: káàdì Ruby ti oneworld àti Elite ti SkyTeam, ìta ni wọ́n wà, Sapphire àti Elite Plus ló ń wọlé.

Ibi tí ó ti mú mi ni ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ nọ́ńbà méjì. Ilé-iṣẹ́ kan lè ta àga nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, kó sì fi nọ́ńbà ti ara rẹ̀ sí i. United àti Emirates ń ṣe irú rẹ̀: o lè ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà United, kí ọkọ̀ Emirates gbé ọ kúrò ní Dubai. United wà nínú Star Alliance, Emirates kò sí níbẹ̀. Ohun tí láúńjì ẹgbẹ́ ń wò ni ẹni tó ni ọkọ̀, kì í ṣe ẹni tó ta ìwé. Ìdí nìyẹn tí máìlì mi, ìyẹn èrè ìrìn-àjò tí wọ́n ń kà fún mi, fi ń wọ àkáǹtì ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọ ọkọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ilé-iṣẹ́ tó fún mi ní káàdì, tí èmi fúnra mi kò fi wọ láúńjì.

Ọmọ Ore ni mí, ó yẹ kí ó ti yé mi. Bí bọ́ọ̀sì ńlá bá yà sílé oúnjẹ lọ́dọ̀ wa ní òpópónà Èkó sí Benin, awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́ á gba ẹ̀yìn wọlé, olóúnjẹ á gbé iyán àti ẹran tó jọjú síwájú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, torí àwọn ló kó oníbàárà wá. Bí awakọ̀ mìíràn bá dá wọlé tí kò kó èrò kankan dání, kò sí bí káàdì ẹgbẹ́ awakọ̀ rẹ̀ ṣe lè dán tó, olóúnjẹ á ní kó sanwó. Láúńjì náà nìyẹn. Gbogbo orí tó bá wọlé, ẹnì kan ló ń sanwó rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo tó sì wà lẹ́nu ọ̀nà ni: ta ló ń san tìrẹ lónìí?

Ṣùgbọ́n ó ń bí mi nínú o, mi ò ní purọ́. Kí ló dé tó jẹ́ pé lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ "góòlù", tó jẹ́ pé lẹ́tà tí kò tó èèrà ni wọ́n fi kọ ẹni tó ni ọkọ̀? Kódà ní Amẹ́ríkà, góòlù tí United fúnra rẹ̀ fún oníbàárà kò mú un wọ láúńjì United bó bá jẹ́ ìrìn-àjò abẹ́lé nìkan ló ń lọ, bẹ́ẹ̀ góòlù tí Turkish fún ẹlòmíràn á mú olúwarẹ̀ wọlé níwájú rẹ̀. Ọmọ onílé wà níta, àlejò ń jẹun. Àwọn ọmọ wa kan tó gbọ́n ní Houston ti tìtorí èyí lọ gba káàdì ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè.

Ibi tí mo ti ń ro gbogbo èyí ni mo ti gbọ́ ohùn Bàbá: "Ọmọ mi, irú káàdì wo ni àwọn tó ń kọjá lára wa yìí ń mú jáde?"

Ọmọbìnrin náà ní káàdì báńkì ni. Àwọn báńkì kan máa ń bá àwọn oníbàárà wọn ńlá san owó láúńjì. Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò inú, wọ́n mú ọ̀rá dúdú kan jáde, wọ́n tú u, wọ́n tún tú ìwé tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fa káàdì kan yọ. Ẹ ò gbàgbé ọdún 2024, tí ìkórè Ghana àti Côte d'Ivoire kò dára, tí tọ́ọ̀nù kòkó kan fi kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà New York. Lọ́dún yẹn ni báńkì rí ohun tó wọ àkáǹtì Bàbá, tó sì fún wọn ní káàdì tí wọn kò béèrè. Ẹ̀rọ han. Iná aláwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀ tàn.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ wọlé."

"Èmi ńkọ́?" ni mo wí, pẹ̀lú ohùn tí mo ti rẹ̀ sílẹ̀ gidigidi.

"Owó àlejò yàtọ̀, sà. Dọ́là ni wọ́n máa yọ lára káàdì Bàbá."

Bàbá wò mí tìfẹ́tìfẹ́. Wọ́n ní, "Dọ́là ni wọ́n pè é, àbí? Má bínú, ọmọ mi." Wọ́n wọlé.

Mo jókòó síta lórí àga irin. Gíláàsì ni ilẹ̀kùn, nítorí náà kò sóhun tó pamọ́ fún mi. Mo rí Bàbá tí wọ́n ṣí ìdérí àwo kan, tí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, tí wọ́n tún un dé, tí wọ́n ṣí òmíràn. Mo rí ìrẹsì. Mo rí ẹja. Mo rí wọn tí wọ́n padà lọ bu ẹja sí i. Nígbà tí wọ́n jáde, igi ìtayín wà lẹ́nu wọn, wọ́n sì ròyìn oúnjẹ náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi pè wá wọ ọkọ̀. Nínú ọkọ̀, bisikíìtì àti omi ni wọ́n fún wa. Bàbá ní àwọn ti yó, wọ́n sì fi bisikíìtì tiwọn sínú àpò fún àwọn ọmọ-ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní káàdì góòlù, ẹ gbọ́. Kí ẹ tó ṣèlérí oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni, ẹ wo orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lẹ́tà méjì iwájú nọ́ńbà. Ẹ béèrè bóyá ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni, tàbí ọ̀rẹ́ lásán. Ẹ béèrè bóyá àlejò yín náà ń wọ ọkọ̀ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ sì pe báńkì yín, torí ó lè jẹ́ pé ẹ̀tọ́ yín wà lọ́dọ̀ wọn tí ẹ ò mọ̀. Káàdì góòlù kì í ṣe oyè. Ẹ̀rí pé ẹ ti náwó lánàá ni, láúńjì sì fẹ́ mọ ẹni tó ń sanwó lónìí.