Iná Tí Bàbá Tísà Tẹ̀ Tí Kò Fẹ́ Padà

Ẹ sún mọ́ mi, kí n má baà pariwo. Èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, gbogbo Ìgbólé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjàpá Bàbá Tísà yìí, bí mi ò bá sọ ọ́, inú mi á wú.

Ọkọ̀ ni mò ń wí o, Volkswagen abuké, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, ní 1975. Láyé ọjọ́un, tísà tó bá ní ìjàpá, àwọn ìyá ọlọ́mọge ló máa ń wá a kiri. Ìyá Oníyán gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ Bàbá Tísà nítorí ọkọ̀ yẹn. Ẹ bi wọ́n léèrè, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ mi.

Níbo ni mo bá a dé? Ẹ̀n-ẹ́n, ọkọ̀ ń kígbe. Bàbá á tẹná, ọkọ̀ á sáré. Wọ́n á gbẹ́sẹ̀ kúrò, ọkọ̀ ò ní gbọ́. Wọn ò tíì kúrò ní Ìfàkì tí a ó ti máa gbọ́ ọ nílé. Kí wọ́n tó wọlé, àwọn ọmọ á ti pa tẹlifíṣọ̀n, aládùúgbò tó wá tọrọ gààrí lọ́wọ́ ìyàwó wọn á ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní síló, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí iná, ló ga jù. Ó tú síkúrúù síló títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́, ó gbowó, ó lọ. Ọkọ̀ ṣì ń ké. Èkejì fọ kabúrétọ̀, òun náà gbowó. Ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin, tó ń gbé Ọ̀yẹ́, wá sọ pé ayé ló wà ńdìí ẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, a sì ṣàmín. Àṣé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà! Ibi tí wọ́n da òróró sí, ẹrù ni wọ́n ń kó síbẹ̀.

Bàbá arúgbó kan tó ti ṣe mẹkáníìkì rí ni wọ́n wá gbé wá láti Ìdó. Bàbá Ìdó ní kí ọmọ kan wọ iwájú, kó máa tẹná, kó máa fi í sílẹ̀. Àwọn fúnra wọn dúró sẹ́yìn, wọ́n ń wo apá kékeré tó wà lára kabúrétọ̀. Apá náà ṣí dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó ń padà, ìdajì ọ̀nà ló dúró sí. Wọ́n tú wáyà kúrò lára rẹ̀, wọ́n fi ìka yí i, wọ́n fi í sílẹ̀: pá! Ó padà.

"Kabúrétọ̀ ò jẹ̀bi," wọ́n ní. "Wáyà ni ò jẹ́ kó padà."

Ẹ ò rí i pé ìrìn àjò ni wáyà yẹn ń rìn: láti abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, gba inú ihò abẹ́ ọkọ̀, títí dé ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n fà á yọ, ó ti dípẹtà, fọ́nrán rẹ̀ ta síta bí irun ológbò tó rí ajá. Ọmọ Bàbá ra tuntun ní Ládípò, Mùṣín. Wọ́n fi gíríìsì pa á, wọ́n tì í wọlé, wọ́n pààrọ̀ sípíríǹgì tó ń fà á padà.

Wọ́n ṣíná, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ kú! Ìyàwó Bàbá kígbe Jésù. Bàbá Ìdó rẹ́rìn-ín: síkúrúù tí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tú ló ń jà. Iná tí kò padà ló ń gbé ọkọ̀ ró tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí tó ti padà dé ìdí, kò sí èémí tí ẹ́ńjìnnì yóò mí. Wọ́n jẹ́ kó gbóná ná, nítorí bó bá tutù, ṣóòkì máa ń gbé síló sókè fúnra rẹ̀. Wọ́n wá rọra yí i, wọ́n tẹ́tí, títí ó fi ń yí bí ìgbà 850 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ gbọ́ tèmi: bí ọkọ̀ bá ń ké, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iná padà délé, kí ẹ tó fọwọ́ kan síló.

Àtìgbà náà ni agboolé wa ò ti gbádùn. Ọkọ̀ kì í kéde mọ́. Lánàá ni Bàbá ká ìyàwó wọn mọ́ ibi tó ti ń wọn gààrí fún ẹlòmíì. Àti pé ọ̀rọ̀ Ìyá Oníyán yẹn, mo gbọ́ pé títí dòní...

Háà! Bàbá! Ẹ káàbọ̀, sà! Ìgbà wo lẹ dé? Rárá o, sà, àlọ́ ìjàpá ni mò ń pa fún wọn.

Kí lẹ wí, sà? Àlọ́ ní ọ̀sán gangan?