Ọ́ìlì Ń Jò, Mo Ń Ṣírò Owó

Síìlì náà kò ju òrùka rọ́bà kan lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni wọ́n ń tà á nígbà náà ní ọjà Àràròmí, ní Gate, n'Íbàdàn. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ló mú mi jókòó sórí táyà àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi: ₦160,000. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, kò sì dín kọ́bọ̀ kan níbẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí kíráńkì ti yọrí jáde lọ bá gíábọ́ọ̀sì, ni síìlì náà wà. Òun ló ń dí ẹnu ibẹ̀ bí kíráńkì ti ń yí, kí ọ́ìlì má baà tẹ̀lé e jáde. Ooru ọdún gbọọrọ ti mú rọ́bà náà gan, kò lè di nǹkan kan mú mọ́. Ẹni tó bá máa pààrọ̀ rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀.

"Ọ̀gá mi, síìlì kọ́ lẹ ń sanwó ẹ̀," ló wí. "Ọ̀nà ibẹ̀ lẹ ń sanwó ẹ̀."

Mo ní màá lọ ronú sí i. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Mọ́tò mi jẹ́ irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Tiny Light. Tòkunbọ̀ ni kó tó dé ọwọ́ ẹni tó tà á fún mi, ẹni yẹn náà sì ti lò ó kó tó rẹ̀ ẹ́. Mo jókòó pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gba tó lítà 4 ọ́ìlì. Bí mo bá ń bù ú sí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń jò, gálọ́ọ̀nù kan á gbé mi dé ibi tó jìnnà. Mo ṣírò rẹ̀ títí, mo rí i pé yóò pẹ́ gan-an kí owó ọ́ìlì tó tó owó gíábọ́ọ̀sì. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn náà. Inú mi dùn débi pé mo ra súyà.

Oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni mo ṣe ìṣirò yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, Ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Lóṣù Kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó lọ bá dọ́là fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá gbéra ńlẹ̀, gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì sì wà lára wọn. Ìwé ìṣirò mi kò wúlò mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ra súyà lórí ọ̀rọ̀ kì í fẹ́ yí i padà.

Mo wá di oníṣègùn. Ẹnì kan ní kí n máa lo ọ́ìlì tó ki, 20W-50, pé kò ní tètè sá jáde. Mo lò ó. Ẹlòmíràn tà mí ní ike oògùn kan tó ní yóò mú rọ́bà tó ti gan rọ̀ padà. Mo da gbogbo rẹ̀ sí i. Ọ́ìlì kò yéé jò.

Bàbá onílé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣe íńtálọ́ọ̀kì yí gbogbo ọgbà ká ni. Páálí ni mo kọ́kọ́ ń tẹ́ sábẹ́ mọ́tò lálaalẹ́. Nígbà tí páálí kò gbà á mọ́, mo gbé tíréè fífẹ̀ tí ìyàwó mi fi ń ṣa ẹ̀wà. Ó wá tíréè náà títí. Èmi náà bá a wá a. Mo tilẹ̀ pe àwọn ọmọ jọ, mo bá wọn wí lórí bí wọn kì í ṣe tọ́jú ohun èlò ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dójú tì mí ni ìdána ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ní ìlú Ọ̀yọ́. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ gùn tó láti mú ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì tó bá ti gbóná a máa ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wa mọ́tò wọ abẹ́ kánópì kí n lè sọ kúlà oúnjẹ kalẹ̀. Mo pa á, mo ń kí àwọn ẹbí, wọ́n ń bi mí léèrè ilé, mo ń dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e kúrò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. N kò wo ilẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ilé wá tẹ́ ẹní síbẹ̀.

Ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé nínú léèsì funfun. Alága ìjókòó kò fi dídọ̀bálẹ̀ ṣeré rárá. Ó ní àyà ni òun fẹ́ rí nílẹ̀, pé òun kò rí àyà. Wọ́n nà gbalaja. Nígbà tí wọ́n dìde, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ gbé nǹkan dúdú kan dìde láyà, àfi bí ẹni pé wọ́n ya máàpù sí i lára. Gbogbo abẹ́ kánópì dákẹ́. Alága nìkan ni kò dákẹ́: ó ní ilé ìyàwó ti fi òǹtẹ̀ lù wọ́n, kí wọ́n sanwó òǹtẹ̀. Wọ́n sì san án! Àwọn kan dá olóúnjẹ lẹ́bi, pé òróró rẹ̀ ló dà sílẹ̀. Obìnrin náà ń búra. Mo mi orí bí àgbà tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Ọmọ kékeré kan nínú ẹbí ló tú mi fó. Ó rí i pé ẹ̀kán dúdú wà lórí ilẹ̀ láti ìdí ẹní lọ, ló bá ń tẹ̀lé e, ó ń fò láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Ó dé ìdí mọ́tò mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó sì ké sí gbogbo ilé: "Ó ṣì ń tọ̀ o!"

Ẹ̀gbọ́n mi kò bú mi. Ó kàn fi nọ́ńbà àkáǹtì ọmọkùnrin aláṣọ léèsì ránṣẹ́ sí mi.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá mẹkáníìkì mi. Owó iṣẹ́ ti di ₦210,000. N kò bá a ná an. Mo san apá tó pọ̀ jù níbẹ̀, ó sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, ó gbé síìlì àtijọ́ lé mi lọ́wọ́, mo sì yà á ní fọ́tò. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbé mọ́tò délé, mo gbé tíréè sábẹ́ rẹ̀ kí n lè fojú ara mi rí i bó ṣe máa gbẹ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ́ìlì wà nínú tíréè.

Mẹkáníìkì ní èyí tó kù lára ẹ́ńjìnnì ló ń kán tán. Mo gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Bí mo bá san ẹgbẹ̀rún méjì ni, ǹ bá ti bá a jà lọ́jọ́ kejì. Owó tó tó tèmi yẹn, ó yẹ kéèyàn ní ìgbàgbọ́ nínú rẹ̀.

Nígbà tí kò yéé jò, mo gbé mọ́tò lọ bá bàbá kan ní Sáńgo tó ti ń tún Peugeot 504 ṣe látijọ́. Òun kò dárúkọ owó kankan. Ó ní kí n lọ ra ọṣẹ ìfọṣọ àti pawúdà ọmọdé. Ó fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́, ó jẹ́ kó gbẹ, ó wá fọ́n pawúdà sí i lára yíká. Ó ní kí n ṣíná mọ́tò. Kò pẹ́ tí ìlà dúdú kan fi yọ lára pawúdà náà. Òkè pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀, létí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà tó dé orí ẹ́ńjìnnì, ó rọra gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, ó sì dúró síbi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé. Ibẹ̀ la ti ń rí i láti ìsàlẹ̀.

Bàbá yọ nǹkan kékeré kan lórí kọ́fà náà, èyí tí wọ́n ń pè ní PCV. Ó mì ín sí mi létí. Ó ní ó yẹ kó máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Kò dún rárá. Ìdọ̀tí ti dí i pa. Ó ní ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, pé bí ibẹ̀ bá dí, afẹ́fẹ́ náà á máa ti ọ́ìlì gba ibikíbi tó bá rọ̀ fún un. Gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́fà, PCV tuntun àti owó iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦19,000. Ilẹ̀ gbẹ.

Mo fi fọ́tò síìlì àtijọ́ hàn án, kó lè sọ pé ó tọ́ bí mo ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ó fẹ fọ́tò náà gbòòrò, ó wò ó dáadáa, ó dá fóònù padà fún mi.

"Ẹ pa á rẹ́," ló wí. "Kò dáa kéèyàn máa rí irú ẹ̀ lálẹ́."

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún péré ni mo fi tún mọ́tò ṣe, nítorí pé mo ní sùúrù, n kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́ mi jẹ. Ó yìn mí. Ó bu ẹran kún oúnjẹ mi. Mo ṣì wà nídìí oúnjẹ náà nígbà tí fóònù mi dún níwájú rẹ̀, ó sì gbé e nítorí pé ọwọ́ mi wà nínú ọbẹ̀.

"Ẹ káalẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì," ni mo gbọ́ tó wí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó wò mí, ó sì tẹ sípíkà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì tó ṣẹ́kù lórí gíábọ́ọ̀sì ta ni?"