Férémù Fọ́tò Lọ́wọ́ Àwọn Ọmọdé

Páálí ni ìpìlẹ̀ férémù fọ́tò tí àwọn ọmọdé máa ń ṣe, pàápàá páálí bisikíìtì tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán. Fọ́tò tó wọ́pọ̀ jẹ́ ínṣì 4 ní ìbú àti ínṣì 6 ní gígùn. Nítorí náà, ojú férémù gbọ́dọ̀ kéré sí i díẹ̀, kí fọ́tò má baà já bọ́ síwájú. Àgbàlagbà ni kó fi abẹ gé e. Àwọn ọmọ yóò ní àwọn náà mọ̀ ọ́n gé. Kí ó má dá wọn lóhùn.

Ọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ gan-an. Ìlẹ̀kẹ̀, bọ́tìnnì, àjákù àǹkárá, ẹ̀wà àti àgbàdo gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ló dára. Gúlúù funfun ló yẹ, torí ó ṣeé fọ̀ kúrò lára aṣọ kó tó gbẹ. Ìgbà tí omi inú rẹ̀ bá ti lọ tán ló ń gbẹ, nítorí náà ọmọ tó bá da ìdajì ìgò sórí férémù kan ṣoṣo yóò dúró di ọ̀la. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í wọ́n. Òmíràn a to ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta péré, a ní òun ti parí. Tirẹ̀ ló sábà ń dára jù, èyí kì í sì í dùn mọ́ olùkọ́. Àléébù kan ni ẹ̀wà ní: kòkòrò inú rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ti di iṣẹ́ ọnà.

Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń lẹ páálí ẹ̀yìn mọ́, kí fọ́tò lè gba òkè wọlé. Ọmọ tó bá lẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣe férémù tí kò nílò fọ́tò. Orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń gbé férémù àwọn ọmọdé sí tẹ́lẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ìsinsìnyí ti rí pẹlẹbẹ, ó wá ku orí fíríìjì.