Bí Mo Ṣe Tún Bíréèkì Ṣe

Nígbà tí bíréèkì tòkunbọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ nínú gbogbo kòtò Ìlaròó, rédíò tuntun ni mo rà sí ọkọ̀. Mo yí i sókè, n kò gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ mọ́. Lójú tèmi, mo ti tún ọkọ̀ ṣe.

Mẹkáníìkì mi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó tú táyà iwájú, ó ní kí n wò ó: kílíìpù, irin pẹlẹbẹ tó ń di páàdì mú sáyè rẹ̀, ti já dànù. "Ẹ̀gbọ́n, owó kékeré ni. Ẹ jẹ́ ká ra tuntun." Owó kékeré náà ló bí mi nínú. Irin tí kò tó èékánná! Mo ní kó dá táyà padà, mo ń bọ̀.

Ibi tí mo ronú dé rèé: bí páàdì bá ń mì, ṣé kì í ṣe ká lẹ̀ ẹ́ pa? Láti 1902 ni Frederick Lanchester, ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bíréèkì onídíìsìkì; Jaguar fi irú rẹ̀ gbégbá orókè nínú eré ìje Le Mans ní 1953; kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó ronú kan gúlù! Mo ra èyí tí wọ́n máa ń pò pọ̀, mo lẹ páàdì mọ́ irin tó gbé e dúró, mo tún fi wáyà tí wọ́n fi ń de irin ilé wé e. Mo gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì, kò dún.

Ní Sátidé, èmi, ìyàwó mi àti ìyá rẹ̀ gbéra lọ síbi ìnáwó ní Ayétòrò. Kí a tó dé Ìbèsè, ọkọ̀ ò fẹ́ lọ mọ́. Mo tẹ tòròtù mọ́lẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ta ló ń sun pọ̀nmọ́?"

Mo ní àwọn ará abúlé ni, mà. A tún rìn díẹ̀.

"Àwọn ará abúlé yìí mà ń tẹ̀lé wa o."

Èéfín ti bo táyà. Tírélà sìmẹ́ǹtì ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo da píọ̀ wọ́tà tí a fẹ́ lọ pín níbi ìnáwó lé irin gbígbóná náà lórí. Ó dún ṣìì, díìsìkì sì tẹ̀. Bí owó díìsìkì ṣe kún owó kílíìpù nìyẹn.

Ṣé páàdì gbọ́dọ̀ máa rìn ni! Bí a bá tẹ bíréèkì, písítìnì á tì í mọ́ díìsìkì. Bí a bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, rọ́bà tó yí písítìnì ká, tó ti lọ́ díẹ̀, á nà padà, á fa písítìnì sẹ́yìn, páàdì á sì tú. Kílíìpù kì í jẹ́ kó mì, síbẹ̀ ó ń fún un láyè láti lọ kó sì bọ̀. Tèmi lọ, kò bọ̀.

Mẹkáníìkì gun ọ̀kadà wá bá wa. Ó wo iṣẹ́ ọwọ́ mi títí. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe èyí? Ẹ mú mi lọ bá a."

Mo ní mẹkáníìkì kan ní Owódé ni.

"Irọ́ ni," ni ìyá ìyàwó mi wí látinú ọkọ̀. "Mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń po gúlù. Mo rò pé bàtà ni wọ́n fẹ́ lẹ̀."