Tẹlifíṣàn Mi, Ọ̀gá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí lọ́wọ́ tẹlifíṣàn mi. Owó mi ni mo fi rà á, ara ògiri mi ni mo gbé e kọ́. Èmi ni mò ń san owó iná tó ń jẹ, èmi náà ni mò ń ra dátà tó ń gbé mì. Síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ wo nǹkan, òun ni yóò sọ bóyá mo lè wò ó. Bí mo bá fẹ́ gba nǹkan sílẹ̀, òun ni yóò sọ bóyá mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Nínú ilé tí wọ́n ti ń kí mi ní baálé, mo ti di ẹni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ gíláàsì.

Ẹ má sọ pé ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ìlú yìí ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Àwa la mọ tẹlifíṣàn nígbà tó ṣì níwà. Ẹnì kan á dúró síta, á máa yí òpó áńtẹ́nà, á máa pariwo pé, "Ṣé ó ti mọ́?" Àwa tó wà ní pálọ̀ á dáhùn pé, "Kò tíì mọ́, yí i sọ́dọ̀ ilé Alhaji!" Bó bá ṣagídí, a ó gbá a létí lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ á wálẹ̀. Èyí tí mo ní báyìí fẹ́lẹ́ débi pé bí mo bá gbá a létí, owó tí mo fi rà á ló máa fọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí pásíwọ́ọ̀dù. Àbíkẹ́yìn mi ló yan èyí tó wà lára ráútà wa, ó ní kí àwọn ará àdúgbò má baà máa jẹ dátà wa lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́tà ńlá wà níbẹ̀, lẹ́tà kékeré wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, àmì kan tó dà bí ìgbín tó ká sínú karawun sì wà láàárín wọn. Lórí fóònù, ìka méjì ti tó o. Lórí tẹlifíṣàn, rìmóòtù ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á to lẹ́tà sójú tẹlifíṣàn, èmi á wà lórí "q", lẹ́tà tí mò ń wá á wà ní ìkángun lọ́hùn-ún. Màá tẹ ọfà sápá ọ̀tún, kò ní lọ. Màá tún un tẹ̀, á fò kọjá ibi tí mò ń lọ. Màá padà. Bí mo bá wá rí lẹ́tà náà mú, kíá ló ti sọ ọ́ di ìràwọ̀, kí n tó ráyè wò ó bóyá òun náà ni. Ta ló ń fi í pamọ́ fún? Èmi àti ìyá àwọn ọmọ nìkan la wà ní pálọ̀. Nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ dé ìparí, ó ní pásíwọ́ọ̀dù ò tọ̀nà. Kò sọ èyí tí kò tọ̀nà nínú wọn. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó dá mi padà sórí "q".

Bó bá wá gbà, wàhálà kejì ló kù. Á kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti so mọ́ Wi-Fi, ṣùgbọ́n kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo pe nọ́ńbà àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Lẹ́yìn orin gígùn, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù sọ fún mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pa á, ẹ ní sùúrù díẹ̀, kí ẹ wá tún un tàn." Mo ní, "Ọmọ mi, àwọn oníná ń bá mi ṣe ìyẹn láàárọ̀ lálẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́."

Ẹnjiníà tó wá wò ó ló là mí lọ́yẹ. Ó ní orúkọ méjì tí ráútà ń gbé jáde nídìí: ọ̀kan wà lórí 2.4 GHz, èkejì wà lórí 5 GHz. Ti 2.4 máa ń la ògiri kọjá, ṣùgbọ́n kò yá. Ti 5 yá, ṣùgbọ́n ògiri tètè máa ń dá a dúró. Yàrá àbíkẹ́yìn ni ráútà wà, ògiri búlọ́ọ̀kù sì wà láàárín òun àti pálọ̀. Bó ṣe di pé baálé ń lo èyí tí kò yá nìyẹn, tí ọmọ tí kì í san kọ́bọ̀ ń lo èyí tó yá. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé maikirowéèfù náà ń ṣiṣẹ́ ní sàkání 2.4 yẹn. Bí ìyá àwọn ọmọ bá ti gbé ọbẹ̀ sínú rẹ̀, fíìmù á dúró sójú kan, òṣèré á lanu sílẹ̀, róbótó kan á máa yí láàárín ojú rẹ̀. Ó di ìgbà tí ọbẹ̀ bá gbóná tán kí òṣèré tó rí ẹnu rẹ̀ pa dé.

Ẹnjiníà ní kí n fa wáyà láti ara ráútà wá sẹ́yìn tẹlifíṣàn tààrà. Òótọ́ ló sọ, ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wáyà náà gbà kọjá, ìyá àwọn ọmọ sì fẹsẹ̀ kọ́ ọ pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì lọ́wọ́. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹran lẹ dẹ pákúté yìí fún ni, àbí èmi?" Mo ní tẹlifíṣàn ló ní kí n fà á. Ó ní kí tẹlifíṣàn wá gbá ìrẹsì náà nìyẹn.

Ẹ tún gbọ́ ti aago. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, tẹlifíṣàn mi á jí, á gbà pé ọdún 2018 la wà. Ẹ lè ní kí ló kan aago nínú fíìmù. Ó kàn án o. Ìwé ẹ̀rí tí àwọn ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń fara hàn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tó máa kú. Tẹlifíṣàn tó bá gbà pé 2018 la wà á wo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí, á ní ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé, á tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò sì ní sọ pé aago òun ló bàjẹ́. Á ní íntánẹ́ẹ̀tì mi ni kò dáa. Mo tú ètò inú rẹ̀ wò, àṣé ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ló ti ń retí kí wọ́n fi aago ránṣẹ́ sí òun, àwọn tí áńtẹ́nà mi ń gbé wá ò sì fi aago ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ní báyìí, bí wọ́n bá ti mú iná dé, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń hó yèè, èmi ń sọ ọdún tí a wà fún tẹlifíṣàn.

Ti àwọn kan tiẹ̀ burú ju tèmi lọ. Tiwọn mọ ọdún, ọdún ni kò mọ̀ ọ́n mọ́. Lóṣù Kejìlá ọdún 2019, Netflix ò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí àwọn tẹlifíṣàn Samsung kan tí wọ́n ṣe ní 2010 àti 2011. Lọ́jọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2021, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ẹ̀rí àgbà tí ọ̀pọ̀ ibi lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbára lé kú, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọn ò tún inú wọn ṣe mọ́ sì bá ara wọn lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Àwòrán ṣì ń mọ́ kedere, ohùn ṣì ń dún, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọwọ́ òsì júwe ilé fún wọn. Nígbà tiwa, kí tẹlifíṣàn tó kú, èéfín á kọ́kọ́ jáde ná.

Mi ò ní pẹ́ lórí dátà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Netflix fúnra wọn sọ pé fíìmù HD lè jẹ tó 3 GB ní wákàtí kan, pé 4K lè jẹ tó 7 GB. Bẹ́ẹ̀, tẹlifíṣàn mi ò mọ̀ pé ìlú le. Èyí tó tóbi jù ló máa ń mú.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí wọra ni gbígbà sílẹ̀. Nígbà tí fídíò VHS wà lóde, káséètì E-180 ń gba wákàtí 3. A ó tẹ Play àti Record pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó parí. Bí ẹni tó ta káséètì bá ti ṣẹ́ eyín kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan lé e, a ó fi sẹ́lótéèpù dí ojú ihò náà, káséètì á gba tuntun. Bí a bá gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, á ṣiṣẹ́. Bí a bá yá alábàágbé, á ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dá a padà. Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ní Amẹ́ríkà bínú sí irú nǹkan báyìí, wọ́n pe Sony lẹ́jọ́ nítorí Betamax, ẹ̀rọ Sony tó ń gba ètò sílẹ̀. Lọ́jọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 1984, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án nílé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ ní ẹni tó bá gba ètò sílẹ̀ nílé ara rẹ̀ kó lè wò ó tó bá yá kò rú òfin. Ilé ẹjọ́ dá wa láre. Kò sẹ́ni tó sọ fún tẹlifíṣàn mi.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ jẹ oyè, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan nílùú yìí sì fẹ́ gbé ìwúyè náà sáfẹ́fẹ́. Mo ki fúláàṣì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé ṣé kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Orin ẹgbẹ́ akọrin ìyá àwọn ọmọ ló wà nínú rẹ̀! Mo sáré fà á yọ, mo lọ ra òmíràn ní Dùgbẹ̀. Ó pa ìyẹn rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfìfo ni, ó wá ní kò yá tó, kí n lọ ra hard disk. Mo rà á. Ó ní ìkànnì tí mo fẹ́ gbà kì í ṣe dígítà, ti dígítà nìkan lòun ń gbà sílẹ̀.

Ṣé èmi ni mo dá dígítà dúró ni? Ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà, ọdún 2015 ni àdéhùn àgbáyé dá fún wa láti fi analog sílẹ̀. Ọjọ́ náà dé, ó kọjá. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 2016. Ó di 2021 kó tó kan Èkó. Mo ní kò burú, màá gbà á látinú dikóódà. Tẹlifíṣàn ní ohun tó bá gba wáyà HDMI wọlé, òun lè fi hàn mí, òun ò lè gbà á sílẹ̀, nítorí wọ́n ti tì í pa kí ẹnikẹ́ni má baà dà á kọ. Dikóódà ní bọ́tìnì tirẹ̀ fún iṣẹ́ náà, pupa fòò. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n kọ́kọ́ san owó kan lé owó oṣooṣù tí mò ń san. Ibi tí mo ti ń bá a fà á lọ́wọ́ ni wọ́n ti fi ewé oyè lé ẹ̀gbọ́n mi lórí, tí ètò sì parí. Títí dòní, ẹ̀gbọ́n mi gbà pé ìlara ni.

Ìwé ìlò tẹlifíṣàn náà tún ní bí mo bá fẹ́ kó gba ètò sílẹ̀ nígbà tí mi ò sí nílé, kí n má ṣe pa iná rẹ̀ láti ara ògiri. Èmi! Nínú gbogbo àwọn tó ń pa iná ilé yìí, èmi ni wọ́n rí bá wí.

Ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìkan ni. Rárá o. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Manchester wá sílé nígbà Kérésìmesì. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n ti pa analog pátápátá láti ọjọ́ 24, oṣù Kẹwàá, ọdún 2012, tẹlifíṣàn rẹ̀ sì ń gba ètò Freeview, ìyẹn tẹlifíṣàn dígítà ọ̀fẹ́ tiwọn, sórí hard disk láìjiyàn. Ìyá rẹ̀ ń ṣe kéèkì fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó, ó wá bá a gba ètò ìdíje kéèkì sílẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kọkànlá. Ó fi aṣọ wé hard disk náà sínú báàgì, ó gbé e wá. A jókòó. Ìyá àwọn ọmọ mú bírò àti ìwé dání. A ki í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn. Ó ní ṣé kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́.

Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe tiwa àti tirẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ohun tí irú tẹlifíṣàn yìí bá gbà sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú òun nìkan ló fi ń tì í. Tẹlifíṣàn mìíràn ò lè ṣí i, kọ̀ǹpútà ò lè ṣí i. Kódà, bí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ bá jóná tí ẹnjiníà sì pààrọ̀ rẹ̀, ó lè wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbà sílẹ̀, kó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí ẹ̀rọ tí aago rẹ̀ bá kú sọ pé aago òun ló kú, kó yéé di ẹ̀bi ru íntánẹ́ẹ̀tì. Kí n máa rí pásíwọ́ọ̀dù tí mò ń tẹ̀ ní pálọ̀ ara mi. Kí ohun tí mo bá gbà sórí hard disk tí mo fowó mi rà máa bá mi lọ síbi tí mo bá gbé e lọ. Wọ́n ní nítorí olè ni wọ́n ṣe ń tì í. Wọn ò mọ ìyá àwọn ọmọ mi ni.

Nígbà tí ọmọ wa ń padà sí Manchester, ó gbé hard disk rẹ̀ dání. Bó bá di alẹ́ Sátidé, á pe ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp, á gbé fóònù dojú kọ tẹlifíṣàn tirẹ̀, á tan ìdíje kéèkì sílẹ̀. Ìyá á máa kígbe láti Ìbàdàn pé, "Dá a dúró níbẹ̀! Ẹyin mélòó ló fọ́ sí i?" Ọmọ á dá a dúró. Gbogbo àgádágodo tí àwọn onímọ̀ fòru kàn, fóònù kan ló gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Yàrá àbíkẹ́yìn ni ìyá àwọn ọmọ sì máa ń jókòó sí, lórí Wi-Fi mi, èyí tó yá. Mo ní kí n wá jókòó tì í, kí n bá wọn wò ó. Ó ní kò burú, kí n rọra máa bọ̀, kí n má fẹsẹ̀ kọ́ wáyà.